Iná Ilé àti Ọkọ̀ Oníná: Ojúṣe Ilé-Iṣẹ́ Apínnáká ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìfáàrà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Láti ìgbà tí òkìkí ọkọ̀ tí kì í mu epo ti kàn dé ilẹ̀ wa, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí: iye tí wọ́n ń tà á, bí ó ṣe ń sáré tó, àti bí kò ṣe ń pariwo. Díẹ̀ ni àwọn tí ó ń béèrè ibi tí iná tí yóò máa jẹ yóò ti wá, àti ẹni tí yóò fà á dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìbéèrè kejì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Àdúgbò tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé gbígbé, ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọjà àti ibùdókọ̀ ti há mọ́ra wọn.

Kò yẹ kí ó ya òǹkàwé lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ yìí jẹ jáde láti Ẹ̀ka Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ tí yóò dàgbà bá ọkọ̀ wọ̀nyí nígboro. Bí olùkọ́ kò bá lè fi èdè abínibí ṣàlàyé ìdí tí tiransifọ́mà fi ń jó, tàbí ìdí tí owó iná fi yàtọ̀ láti òpópónà kan sí èkejì, a jẹ́ pé a ti fi èdè náà sílẹ̀ fún ìtàn àlọ́ àti oríkì nìkan, tí a sì gbé ọ̀rọ̀ owó àti agbára fún èdè ẹlòmíràn. Àwa kò fara mọ́ èyí.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ìrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ apínnáká lè ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ máa fi iná sínú ọkọ̀ nílé kò bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ tí a ń kì bọ ọkọ̀. Ara tiransifọ́mà àti mítà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá kọ́kọ́ mójú tó méjèèjì yìí, ẹni kan ni yóò ra ọkọ̀, gbogbo òpópónà ni yóò sùn sínú òkùnkùn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn kan ń pe ọkọ̀ yìí ní "ọkọ̀ oníbátìrì", ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí kò ní bátìrì. Òun náà ni ó ń jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ elépo. "Ọkọ̀ oníná" ni a yàn níhìn-ín. Lóòótọ́, iná tí ń jó ni etí Yorùbá lè kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ bí ẹnìkan bá wọlé tí ó ní "kò síná", kò sí ẹni tí ó ń lọ wo ààrò. Ará ìlú ti gbà pé "iná" ń ṣojú iná mànàmáná, a kò sì rí ìdí tí àwa ọ̀mọ̀wé yóò fi máa ṣe àfikún tí wọn kò béèrè.

Bákan náà ni ti "cháàjì". Ẹlòmíràn lè fẹ́ kí a sọ pé "ìfúnlágbára", ṣùgbọ́n kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní ọjà Aswani tí kì í cháàjì fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti jókòó sẹ́nu ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ti di ti wa.

Èyí tí ó ń da ọ̀pọ̀ olùkọ́ rú ni ìyàtọ̀ láàárín kílówáàtì àti yúníìtì. Yúníìtì ni a ń rà sínú mítà: iye iná tí ohun èlò kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,000 wáàtì yóò jẹ bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1. Kílówáàtì ní tirẹ̀ ń sọ bí iná náà ṣe ń ya wọlé tó. Ẹ fi ojú inú wo garawa lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Yúníìtì ni omi inú garawa; kílówáàtì ni bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe ṣí tó. Garawa kan náà lè kún ní ìṣẹ́jú 1, ó sì lè kún ní wákàtí 1. Kí òǹkàwé má gbàgbé garawa yìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí.

"Ilé-iṣẹ́ apínnáká" ni ilé-iṣẹ́ tí ń gba iná lọ́wọ́ àwọn tí ń pèsè rẹ̀, tí ń pín in dé ojúlé, tí ó sì ń gba owó rẹ̀. Ará Èkó ṣì ń pè é ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò nínú ìwé ìjọba tipẹ́.

Bí iná ṣe ń dé ojúlé

Ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ dá NEPA sílẹ̀. Ọdún 2005 ni òfin àtúntò ẹ̀ka iná wọlé, tí PHCN rọ́pò NEPA, tí a sì dá àjọ NERC sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fa àwọn ilé-iṣẹ́ apínnáká lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Méjì ni ó pín Èkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Ikeja Electric àti Eko Electricity. Òṣòdì bọ́ sọ́wọ́ Ikeja Electric, tí ó ní ẹ̀ka ńlá kan tí ó ń jẹ́ orúkọ àdúgbò náà.

Láti ọdún 2020, wákàtí tí iná ń wà ni a fi ń díwọ̀n owó rẹ̀. Báńdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, Báńdì B wákàtí 16, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Báńdì C tí ó wà láàárín ní wákàtí 12. Wáyà ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní fídà ni ó ń pinnu báńdì tí ilé kan wà. Ìdí nìyí tí òpópónà méjì tí ó fara kanra ní àdúgbò kan náà fi lè máa san owó tí kò dọ́gba.

Agbára iná orí fídà tí ó wọ àárín àdúgbò sábà máa ń jẹ́ 11,000 fólítì. Tiransifọ́mà ni ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ di 415 fólítì, tí yóò sì pín in sórí wáyà mẹ́ta tí à ń pè ní fésì. Bí a bá mú ọ̀kan nínú fésì mẹ́ta náà wọ ilé, nǹkan bí 230 fólítì ni ó yẹ kí ó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. A sọ pé ó yẹ, nítorí ẹni tí ó bá ti gbé Máfolúkù tàbí Ìlasamàjà rí mọ ohun tí yíyí fésì jẹ́. Iná fésì kan yóò rẹ̀ wálẹ̀, gílóòbù yóò máa pọ́n bí ẹyin iná, onílé yóò sì yí súìṣì sórí fésì mìíràn. Aládùúgbò rẹ̀ yóò ṣe bákan náà. Láìpẹ́, ìdajì òpópónà á ti kó sórí fésì kan ṣoṣo, fíúsì rẹ̀ á bú, àwọn tí wọ́n sá kúrò nínú iná tí kò lágbára á sì wà láìní iná rárá.

Bí ó bá jẹ́ tiransifọ́mà gan-an ni ó jó, ìṣe tí ó ti mọ́ wa lára ni pé kí ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé, kí wọ́n bu owó lé ojúlé kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n lọ tọrọ tiransifọ́mà lọ́wọ́ olóṣèlú kan tí ìbò ń bọ̀ lọ́nà fún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlànà NERC ti ọdún 2015 lórí ìdókòwò sínú ohun èlò iná kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wí ni pé bí àwọn oníbàárà bá fẹ́ fi owó ara wọn ra irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn àti ilé-iṣẹ́ apínnáká, kí a sì dá owó náà padà fún wọn. Mélòó nínú àwọn tí ó dá owó tiransifọ́mà ni ó mọ̀ pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wà? Sínú irú àdúgbò yìí, tí tiransifọ́mà rẹ̀ ti ń mí hẹlẹ tẹ́lẹ̀, ni ọkọ̀ oníná ń bọ̀.

Ìṣirò ọkọ̀ kan, àti ti ogún ọkọ̀

Ọkọ̀ oníná kò tíì pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ó ti dé. Ní ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona oníná jáde. Ní ọdún 2021, a ṣí ibùdó cháàjì tí ń lo agbára oòrùn ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó. Ní ọdún 2023, Oando Clean Energy àti àjọ LAMATA gbé bọ́ọ̀sì oníná Yutong sójú pópó Èkó láti fi dán an wò. Ní ọdún 2023 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí iye owó bẹntiróòlù sì fò sókè ní ìlọ́po. Láti ìgbà náà ni àwọn tí kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí tẹ́lẹ̀ ti ń fi ìka ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a bá wọn ṣírò. Kí a sọ pé olùkọ́ kan ń gbé ní Ire-Akari ní Ìsọlọ̀, ó sì ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́. Ọkọ̀ oníná kékeré bíi Nissan Leaf ń rin nǹkan bí kìlómítà 6 lórí yúníìtì kan. Bí a bá ka èyí tí ó ń ṣòfò nígbà cháàjì mọ́ ọn, nǹkan bí yúníìtì 8 ni olùkọ́ wa yóò nílò lóru ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Náírà 209.50 ni a bu lé yúníìtì kan fún Báńdì A ní oṣù Keje ọdún 2024. Bí a bá fi iye yìí ṣírò, náírà 1,676 ni. Ọkọ̀ elépo tí ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan yóò mu lítà 4. Bí lítà bá jẹ́ náírà 900, náírà 3,600 ni. Ìyàtọ̀ náà kò kéré lójú ẹni tí ń gba owó oṣù olùkọ́.

Ṣùgbọ́n bí kò bá síná ńkọ́? Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí ará ìlú sọ lórúkọ "I better pass my neighbour" ń mu nǹkan bí ìdajì lítà epo kí ó tó pèsè yúníìtì kan. Fún yúníìtì 8, lítà 4 ni yóò mu. Lítà 4 yìí náà ni ọkọ̀ elépo ì bá mu láti rin ìrìn kan náà! Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀rọ amúnáwá cháàjì ọkọ̀ kò tíì kúrò lábẹ́ epo. Ó kàn gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti inú ọkọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ni. Nítorí náà, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ apínnáká ni èrè tàbí òfo ọkọ̀ oníná wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó tà á.

Ó ku bí iná yóò ṣe yára wọlé tó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé lásán, bí a bá fa ámúpù 10 lórí 230 fólítì, yóò fún wa ní kílówáàtì 2.3. Yúníìtì 8 yóò wọlé ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Bí fésì bá ti rẹ̀ dé 180 fólítì, yóò súnmọ́ wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ̀rọ cháàjì ńlá tí a ń kàn mọ́ ògiri ń fa kílówáàtì 7, yóò sì parí iṣẹ́ kan náà ní nǹkan bíi wákàtí 1 ó lé díẹ̀. Àwọn ọlọ́jà yóò sọ pé kí a ra èyí tí ó yára. Kí a tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí a padà sí orí tiransifọ́mà.

Kí a mú tiransifọ́mà 500 kVA, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò Èkó. Bí ọkọ̀ 20 bá wà lábẹ́ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń lo ẹ̀rọ ńlá, tí àwọn olówó wọn sì ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo méje alẹ́ tí wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kílówáàtì 140 ni wọn yóò fà, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin agbára tiransifọ́mà náà lọ, ní wákàtí gan-an tí fáànù, fíríìjì, àwòrán amóhùnmáwòrán àti áyọ́ọ̀nù gbogbo òpópónà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n yúníìtì 160 péré ni gbogbo ọkọ̀ náà nílò. Bí a bá pín in sí wákàtí 6 láàárín agogo mọ́kànlá òru àti márùn-ún ìdájí, kílówáàtì 27 ni yóò gbà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Garawa kan náà ni, omi kan náà ni. Ẹnu ẹ̀rọ nìkan ni a dín kù. Láàárín 140 àti 27 ni gbogbo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ apínnáká wà.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ náà

Èkínní ni pé kí ó mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá so ẹ̀rọ cháàjì mọ́ ilé gbọ́dọ̀ fi tó ilé-iṣẹ́ tí ó ni wáyà àdúgbò náà létí. Ó rọrùn láti ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín náà, bí kò bá ti di ohun tí a fi ń gbowó lẹ́yìn. Kí ìwé kan wà tí onílé yóò fi orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà mítà rẹ̀ sí. Kí mítà sì wà lára tiransifọ́mà fúnra rẹ̀, kí a lè mọ̀ wákàtí tí ẹrù wúwo jù lórí rẹ̀ àti fésì tí ó ru jù. Nígbà náà ni òṣìṣẹ́ yóò lè sọ fún onílé pé, "Ẹ gbé ti yín sórí fésì pupa, ti àwọ̀ búlúù ti kún." Láìsí èyí, a kàn ń ta iná ní àfọ́jú ni.

Èkejì ni owó òru. Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, láti ọdún 2023 ni a ti ya iye owó ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ oníná: ṣílè 16 fún yúníìtì kan ní àkókò tí ìlò pọ̀, ṣílè 8 nígbà tí ìlò lọ sílẹ̀. Ìdajì owó! Kò sí ìwàásù tí ó lè mú ènìyàn dúró di òru bí èyí. Ní ti wa, owó kan náà ni mítà ilé ń ká tọ̀sán tòru, nítorí náà kò sí ohun tí ó ń ti olùkọ́ wa láti má ṣe ki ọkọ̀ rẹ̀ bọ iná ní agogo méje alẹ́. A mọ̀ pé yóò gba iṣẹ́ lórí mítà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, nígbà tí mítà olówó-ṣáájú káàkiri ayé ní láti gba àtúnṣe, gbogbo oníbàárà ni ó tẹ nọ́ńbà gígùn méjì sínú mítà wọn kí wọ́n tó lè rá káàdì. Iṣẹ́ tí a rò pé kò ṣe é ṣe ti ṣe é ṣe nígbà tí ó di túláàsì.

Ó tún ku ohun kan tí kò ná ilé-iṣẹ́ náà ní kọ́bọ̀, tí a sì gbà pé ó ju gbogbo èyí lọ: ìdánilójú. Ẹ ti rí i pé wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ti tó olùkọ́ wa. Kò pọn dandan kí ó wà ní Báńdì A kí ó tó ra ọkọ̀ oníná. Ẹni tí ó wà ní Báńdì C pàápàá yóò rí iná tó, bí ilé-iṣẹ́ náà bá lè sọ fún un pé láti agogo mọ́kànlá òru di mẹ́ta òru iná yóò wà, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Wákàtí 12 tí ènìyàn kò mọ ìgbà tí yóò dé kò wúlò tó wákàtí 4 tí ó dájú. Kí a kọ ìgbà náà sílẹ̀, kí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kí a sì dúró ti ọ̀rọ̀ wa.

Èyí mú wa dé ọ̀rọ̀ kan tí ìwé àwọn òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Ní gbogbo àdúgbò wa, bí iná bá dé lẹ́yìn òkùnkùn gígùn, àwọn ọmọdé yóò ké "Up NEPA!", gbogbo ohun èlò tí a kò pa yóò sì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Fíríìjì tí ó ti gbóná yóò fà jù bí ó ti ń fà tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rọ omi yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bátìrì ìńfátà yóò máa gba tirẹ̀. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yìí ni fíúsì sábà máa ń bú. Bí ọkọ̀ 20 bá tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń retí iná, a ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2022 sọ pé ẹ̀rọ cháàjì ilé tí a bá tà gbọ́dọ̀ lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tó ìṣẹ́jú 10, kí àwọn ẹ̀rọ má baà jọ dìde lẹ́ẹ̀kan. Kí a sì ti tò ó tẹ́lẹ̀ kí ó má ṣiṣẹ́ láàárín agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àyàfi bí olówó rẹ̀ bá yí i padà. Wọ́n ṣe èyí ní ilẹ̀ tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ ronú kàn án. Bí ilé-iṣẹ́ apínnáká bá fẹ́ fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ kan fún àwọn oníbàárà rẹ̀, èyí tí ó mọ bí a ti ń dúró ni kí ó fọwọ́ sí.

Ti ààbò kò gba àlàyé púpọ̀. Ọkọ̀ oníná ń wá wáyà ilẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó gba iná. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kò ní i, tàbí kí ó ti jẹrà. Kí òṣìṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí onílé bá forúkọ sílẹ̀. Ní Òkòtà àti Ago Palace, tí omi òjò máa ń kún ojú ọ̀nà, ewu ńlá ni kí a fa wáyà láti ojú fèrèsé kọjá inú àgbàrá lọ bá ọkọ̀.

Ẹni tí kò ní géètì

A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé olùkọ́ wa ní ọgbà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀pọ̀ kò ní. Ní ilé àwọn ayálégbé, pàápàá èyí tí à ń pè ní "face-me-I-face-you", ènìyàn mẹ́wàá lè máa lo mítà kan, ìjà lórí áyọ́ọ̀nù nìkan sì ti tú ọ̀pọ̀ ká. Ta ni yóò gbà kí ẹnìkan ki ọkọ̀ bọ irú mítà bẹ́ẹ̀? Ní Jakande Estate tí ó wà ní Òkè-Àfà, tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀, ọkọ̀ ń sùn nísàlẹ̀ nígbà tí mítà olówó rẹ̀ wà lókè.

Níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ apínnáká lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a ṣe, nítorí òun ni ó ni òpó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá púpọ̀ ń gbé ilé tí kò ní ọgbà, a ti so ojú cháàjì mọ́ òpó iná ojú pópó. Ní Ìsọlọ̀, ọ̀pọ̀ òpópónà ni ó ní géètì tí ọlọ́dẹ ń tì lóru, tí ọkọ̀ sì ń tò sínú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí a bá gbé ojú cháàjì mẹ́rin tí ó ní mítà tirẹ̀ sí inú irú géètì bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí ó lò ó sì san owó tirẹ̀ lórí fóònù, ìjà mítà ti parí, ọlọ́dẹ sì ti wà níbẹ̀ láti ṣọ́ wáyà.

A kò gbọdọ̀ fojú fo àwọn tí kò ní mítà rárá, tí wọ́n ń gba ìwé owó àfojúdíwọ̀n. Bí ọkọ̀ bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, iye tí a bù lé e kò lè fi iná tí ọkọ̀ náà jẹ hàn. Ẹlòmíràn ni ó ń ru ú. A kò rò pé ó burú láti sọ pé kí ilé tí yóò cháàjì ọkọ̀ kọ́kọ́ gba mítà; ohun tí ó burú ni kí ilé-iṣẹ́ náà pẹ́ kí ó tó fún un.

Ní ti àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́, ọ̀nà tiwọn lè yàtọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní Kútọnu àti Lomé, ilé-iṣẹ́ Spiro ń jẹ́ kí ọlọ́kadà gbé bátìrì tí ó ti tán sílẹ̀, kí ó sì gbé èyí tí ó kún lọ, láìdúró. Fún apínnáká, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ dùn-ún bójú tó ju ọgọ́rùn-ún ilé lọ: oníbàárà kan ni, mítà kan ni, ó sì lè gba iná nígbàkígbà tí ó bá wà.

Ta ni yóò sanwó?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Bí a bá pín owó tiransifọ́mà tuntun sórí gbogbo yúníìtì, ẹni tí ń dín àkàrà ní Máfolúkù, tí kò ní ju gílóòbù méjì lọ, yóò máa bá ọlọ́kọ̀ sanwó ọkọ̀. Bí a bá sì dì í ru ẹni tí ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ní èrò tiwa, ẹnu ẹ̀rọ omi ni kí a wò. Ẹni tí ó bá gbà láti lo sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré lóru kò fi ẹrù kún tiransifọ́mà ní wákàtí tí ó ń jìyà. Kí a má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ju owó iná rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kílówáàtì 7 nígbàkígbà tí ó wù ú ni kí ó san owó ìsopọ̀ tí yóò lọ tààrà sórí tiransifọ́mà òpópónà rẹ̀, kí ìwé rẹ̀ sì wà ní gbangba.

Agbára láti pàṣẹ irú èyí kò sí ní Àbújá nìkan mọ́. Àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè àti Òfin Iná Mànàmáná tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣàkóso ọjà iná tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí òfin iná ti Ìpínlẹ̀ Èkó, NERC sì pàṣẹ pé kí àkóso ọjà iná inú Èkó kúrò lọ́wọ́ òun bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ náà, LASERC, kí ètò náà sì parí nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ìyípadà yìí mú ẹni tí ń ṣe òfin sún mọ́ ẹni tí iná ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé tí ó ti ń ra tiransifọ́mà láti ọdún yìí wá lè kọ̀wé sí àjọ náà báyìí, kí wọ́n béèrè ohun mẹ́ta kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dá owó tuntun sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ oníná: ẹrù tí ó wà lórí tiransifọ́mà kọ̀ọ̀kan ní òpópónà wọn, wákàtí òru tí iná yóò máa wà láìyẹ̀, àti ọjọ́ tí a ó dá owó tiransifọ́mà tí wọ́n ti rà padà fún wọn.